Ijó Ìyá Kọ́láolúwa

Ìyá Kọ́láolúwa ń jó níwájú ìjọ báyìí, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì ni ilé-iṣẹ́ wa n'Ísọlọ̀ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.

Èmi ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́. Mi ò lè wojú ẹ̀.

Ó wá fà mí dìde. "Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ ká jó jàre! Iṣẹ́ ló lọ, Jésù ò lọ!"

Mò ń jó, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé.

Ó dì mọ́ mi. "Ẹ ṣé, mà. Àdúrà yín ló gbé mi ró."

Èmi ni ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n mú ẹnì kan tó máa lọ.

Mo wá ẹni tí kò ní gbé mi ṣépè.

Orúkọ tiẹ̀ ni mo kọ. Mo mọ̀ pé á ṣì jó.