Zdravka Kò Parọ́ fún Èrò Ọkọ̀ Òfuurufú

Wọ́n lé Zdravka lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó kọ̀ láti parọ́ fún èrò. Kò jalè, kò bú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

1.
Ní Burgas, létí Òkun Dúdú, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Lastovitsa. Ọkọ̀ méjì péré ni wọ́n ní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wọ́n á máa kó àwọn tó ń lọ gbafẹ́ lọ sí Antalya àti Kíréètì. Sátidé ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń pààrọ̀ àlejò, nítorí náà Sátidé niṣẹ́ ń pọ̀ jù. Olóògbé tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti fi òfin lélẹ̀: ọkọ̀ kan á fò, èkejì á dúró de ohun tó bá ṣẹlẹ̀.

Krastan ọmọ rẹ̀ jogún ilé iṣẹ́ náà. Ó wo ọkọ̀ tó dúró, ó ní ọ̀lẹ ni. Ó fi yá ilé iṣẹ́ kan ní Spéènì fún gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

Zdravka, olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀, tọ̀ ọ́ lọ.

"Ọ̀gá, bí nǹkan bá ṣe èyí tó kù ńkọ́?"

"Nǹkan bíi kí ni? Máa pín kọfí rẹ, jàre. Ẹnu ẹ ò dáa!"

"Ẹnu mi kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ fò, ọ̀gá."

Sátidé àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Krastan ra banitsa gbígbóná, ìpápánu oníwàràkàṣì, fún gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì kọjú sí Zdravka: "Wòlíì, ọkọ̀ ti já bí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Zdravka náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé banitsa tirẹ̀ fún ẹlòmíì.

2.
Oṣù Kẹjọ ni àwọn ẹyẹ òfú máa ń wọ́ kọjá lórí àwọn ọ̀sà Burgas. Kò sọ́mọ ìlú tí kò mọ̀. Ní Sátidé kan nínú oṣù náà, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni ọ̀kan nínú wọn kó sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Gbàà! Ọkọ̀ mì tìtì. Yavor tó ń wà á rọra yí i padà, ó gbé e balẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ bí àṣà wọn nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, tomijétomijé. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ọpẹ́ ni!

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, ọkọ̀ kejì sì wà ní Spéènì. Pápákọ̀ òfuurufú kún fọ́fọ́. Krastan pe Zdravka.

"Sọ fún wọn pé ọkọ̀ míì ń bọ̀ láìpẹ́."

"Ọ̀gá, èwo?"

"Ṣáà sọ bẹ́ẹ̀! Bí wọ́n bá lọ bá ẹlòmíì, a gbé nìyẹn."

Zdravka wo ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ nínú ooru. Ó gbé makirofóònù.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Ẹ má jókòó tì wá. Ẹ pe àwọn tó bá yín ṣètò ìrìn àjò, kí wọ́n wá ọ̀nà míì fún yín báyìí."

"Iṣẹ́ ẹ ti tán níbí!" Krastan pariwo.

3.
Àwọn èrò gbọ́ràn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ wọn ti gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ń lọ. Àmọ́ àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ò gbé èrò fún Krastan mọ́. Kí òtútù tó dé, Lastovitsa ti kógbá sílé.

Yavor àtàwọn yòókù wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Varna. "A ó ṣiṣẹ́ fún yín," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n Àǹtí Zdravka ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà." Wọ́n gbà á! Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun níṣẹ́ báyìí: "Ẹ máa rẹ́rìn-ín sí èrò, ẹ má parọ́ fún wọn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, mo kìlọ̀ fún yín: ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ de ọjọ́ wàhálà, ẹ má sọ ọ́ di ọjà. Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Krastan ṣì ń jókòó ní kafé létí òkun, tó ń sọ pé ẹnu Zdravka ló ba ilé iṣẹ́ òun jẹ́? Krastan, ojú ẹ rèé, ojú wa rèé: ta ló yá ọkọ̀ kejì jáde? Dá wa lóhùn!