Ìgò Kò Gbọdọ̀ Rùn

Loveth gbé ìgò aláwọ̀ ewé kan lé orí tábìlì Bartholomew, ó sì fọwọ́ bo imú.

"Oníbàárà mi nìyẹn o. Wọ́n ní ọṣẹ ló ń rùn nínú wáìnì ẹ."

"Oníbàárà wo?"

"Èyí tó mọ nǹkan tó dáa. Èmi kì í dárúkọ èèyàn, Bátò. O mọ̀ mí."

Iṣẹ́ fáànù títúnṣe ni Bartholomew ń ṣe ní Kétu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, á lọ sí Mile 12, á ṣa ọ̀pẹ̀òyìnbó tó ti pọ́n jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, á gún un, á fi ṣúgà àti yíìsì búrẹ́dì sí i, á sì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti dákẹ́ híhó, Loveth tó ni ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé á fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e, á bá a tà á. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀. Díákónẹ́ẹ̀sì ni Mummy Oyèbámijí tó ni ilé, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà pé ỌTÍ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ ILÉ YÌÍ. Akínbíyì tó gbé yàrá Bartholomew ṣáájú rẹ̀ gbé ìgò bíà kan ṣoṣo wọlé lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Ọṣẹ ṣì wà lójú ẹ̀ ní balùwẹ̀ nígbà tí mátírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ dé ẹnu géètì.

Nítorí náà, nígbà tí Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà Bartholomew lọ́jọ́ Friday, ó fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i.

"Bartholomew."

"Ma."

"Àwọn ìgò tí mo ń rí lọ́dọ̀ ẹ yìí. Tí mo bá ti ìpàdé àwọn obìnrin dé lọ́la, mo fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Sóbò ni mo fẹ́ máa rọ sínú wọn, ma."

"Ṣé mo bi ẹ́ ní nǹkan tó o fẹ́ rọ ni? Kí wọ́n ṣáà mọ́."

Bàbá àfẹ́sọ́nà Bartholomew, Kúnbi, ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, láti wá wo yàrá tí ọmọ òun máa gbé tó bá fẹ́ Bartholomew. Bàbá náà ò gbọdọ̀ wá bá mátírẹ́ẹ̀sì lẹ́nu géètì. Kò sì sí bí ìgò ṣe máa gba géètì jáde, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àga Mummy wà, wọ́n sì máa ń mọ nǹkan tó wà nínú náílọ́ọ̀nù ẹni tó ń lọ da ilẹ̀ nù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Mummy ti jáde, tí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn sì jókòó sórí àga ẹnu géètì dípò wọn, Bartholomew gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì da gbogbo wáìnì náà sínú gọ́tà. Ó dùn ún wọra. Àkùkọ Ìyá Táyé, ará ilé kan náà, mu díẹ̀ níbẹ̀, ó kọ lọ́sàn-án gangan, ó sì fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ìgò. Ó rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí wọn fi rọ̀. Ó bu iyanrìn sí wọn, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu wọn, ó sì ń mì wọ́n títí apá fi ń ro ó. Kò fi ọṣẹ kàn wọ́n. Ìgò tó bá ń ta sánsán, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹni tó ni ín ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó da jíìkì díẹ̀ sínú omi, ó rì wọ́n sínú rẹ̀, ó wá fi omi sísè ṣàn wọ́n títí jíìkì náà kò fi rùn mọ́. Ó se rọ́bà tó fi ń fa wáìnì nínú ìkòkò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó to àwọn ìgò dorí kodò sáàárín irin ojú fáànù àlòkù, kí omi lè ro kúrò nínú wọn.

Loveth yọjú. "Háà! Ṣé ìyá ìyàwó ló ń bọ̀ ni?"

"Loveth, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mummy fẹ́ lé mi."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ilẹ̀kùn mú. "Ṣáà fọ̀ ọ́ kó mọ́."

Mummy dé tàwọn ti gèlè, Bíbélì lábẹ́ apá. Wọ́n gbé Bíbélì sójú fèrèsé. Ìgò aláwọ̀ ewé ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n gbé e símú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi gbígbóná, iyanrìn, jíìkì díẹ̀, ma. Omi sísè ni mo fi ṣàn án."

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Mi ò fi ọṣẹ kàn án rárá, ma."

Wọ́n mirí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ìka bọ ọrùn ìgò náà, wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n yẹ gbogbo ìyókù wò bẹ́ẹ̀, wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà.

"Kẹ́ẹ̀gì yẹn ńkọ́? Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, ma. Omi ọ̀pẹ̀òyìnbó tó ti kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti dà á sí gọ́tà."

Mummy yíjú sí fèrèsé. Wọ́n wo gọ́tà náà, wọ́n dijú, ètè wọn sì ń mì. Bartholomew mọ̀ pé sùúrù ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí òun.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, ma."

Wọ́n mú Bíbélì wọn, wọ́n sì jáde.

Bartholomew jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ di í mú mọ́lẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó máa wá gbé e. Loveth ló wọlé, ó gbé ìgò aláwọ̀ ewé mìíràn lé orí tábìlì, òfìfo, ó sì ń fi ètè pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Oníbàárà mi ní kó o rọ méjèèjì kún, torí àwọn ti fi imú ara àwọn gbọ́ ọ lọ́sàn-án yìí pé ọṣẹ ò rùn níbẹ̀ mọ́, àmọ́ tó o bá tún lọ da irú nǹkan tó dáa bẹ́ẹ̀ sí gọ́tà wọn, ibi tí wọ́n ju ẹrù Akínbíyì sí ni wọ́n máa ju tìẹ náà sí."