Òjé Abẹ́ Ìjókòó

Ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn, inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá wọn sì ni àwọn méjèèjì ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Àwọn méjèèjì ń fi kàátì sáré, ìyẹn ọkọ̀ eré kékeré tí kò nílẹ̀kùn, tí kò nórùlé. Ṣùgbọ́n àbúrò nìkan ni àwọn òǹwòran sọ lórúkọ. Àfẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì ń pe ẹ̀gbọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Àfẹ́fẹ́. Tó bá ti gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì máa ta á bí ojú egbò tí wọ́n fi iyọ̀ sí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń gba ife-ẹ̀yẹ nígbà tí àbúrò ṣì wà láàárín àwọn ọmọdé. Ọdún tí àbúrò gòkè wá bá a ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú eré àkọ́kọ́, àbúrò fi í sílẹ̀ débi pé ó ti bọ́ akoto, ó ti ń mumi, kí ẹ̀gbọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ títí tí eré kejì fi dé. Tí àbúrò bá kí i láàárọ̀, á ṣe bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n jọ máa ń jẹ pọ̀, ó gbé tirẹ̀ lọ jẹ nídìí ẹ́ńjìnnì.

Láti eré kejì lọ, nǹkan gún régé. Bí àbúrò bá gba ti òní, ẹ̀gbọ́n á gba tọ̀la, imú ọkọ̀ lásán ló sì máa ń wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó fà á. Ó ti ń tètè jí, ó ti ń lo ara rẹ̀, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì ní kọ́nà. Ó tún wá ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owú tó ti wọ inú ẹni kì í jáde bọ̀rọ̀.

"Táyà ẹ tún ti jẹ," bàbá wọn á sọ fún àbúrò lẹ́yìn eré. "Wo ti ẹ̀gbọ́n ẹ. Rọra máa wà á."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n ju ife-ẹ̀yẹ lọ.

Òfin eré náà ni pé ọkọ̀ àti awakọ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju ìwọ̀n kan báyìí lọ. Tí eré bá parí, wọ́n á gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò bá pé ìwọ̀n, wọ́n á wọ́gi lé èsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sanra díẹ̀, kò nílò nǹkan kan. Àbúrò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, òjé ló ń so mọ́ ìjókòó rẹ̀ kó lè pé. Fúnra rẹ̀ ló ń so ó, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ìgbéraga ni ẹ̀gbọ́n ka ìyẹn sí.

"Kí lo kó sínú ẹ̀ ná?" ẹ̀gbọ́n á bi í tí wọ́n bá jọ ń gbé ọkọ̀ náà. "Ṣé ilé lo fẹ́ fi kọ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ti ń darúgbó."

Ọkùnrin olóṣùwọ̀n pàápàá, bó bá ti wọn àbúrò tán, á wò ó lójú, á mirí, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ń jowú ẹ̀rín yẹn náà.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìròyìn dé pé ẹgbẹ́ kan tó ní ọkọ̀ eré gidi, oníjókòó kan, ń wá awakọ̀ ọ̀dọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀gá wọn ń bọ̀ wá wo eré ìkẹyìn.

"Ẹni tí wọ́n bá mú, ó bọ́ sí i nìyẹn," ni bàbá wọn wí. "Ẹni tí wọn ò bá mú, ṣọ́ọ̀bù ń dúró dè é. Agbára mi ò ká kàátì mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká jọ sá a dáadáa, Bọ̀ọ̀dá," ni àbúrò wí. "Ẹni tó bá mú un, àwa méjèèjì la ni ín."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ bíi ti ẹni tó ń fi òun ṣẹ̀sín.

Lọ́jọ́ eré, àbúrò lọ wọ aṣọ, bàbá wọn lọ bu epo. Ẹ̀gbọ́n mú sípánà, ó tú òjé ńlá méjì kúrò lábẹ́ ìjókòó àbúrò rẹ̀, ó fi àkísà wé wọn, ó tì wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́. Kò fẹ́ kó fara pa. Ó fẹ́ kó borí, kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ọ̀gá yẹn.

Wọ́n ju àsíá. Àbúrò lọ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ènìyàn, ẹ̀gbọ́n sì bú u nínú akoto. Máa lọ, ó ń wí. Máa lọ. Ipò kejì ló di mú títí dé òpin.

Nídìí òṣùwọ̀n, ojú àbúrò kò jọ ti ẹni tó borí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn kó má baà pàdánù ohun tó ń bọ̀.

"Ó pé," ni olóṣùwọ̀n wí. "Ó pé géérégé."

"Ẹ tún un wọ̀n!" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kó tó mọ̀.

Wọ́n tún un wọ̀n. Ó pé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ bọ àbúrò lọ́wọ́, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ọmọ tó lè sá báyìí," ó bi olóṣùwọ̀n, "kí ló wá ń ṣe lọ́dún yìí tó fi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du imú ọkọ̀?"

Olóṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, mo dúpẹ́ pé ó gbọ́ràn lónìí, torí láti eré kejì ọdún ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ òjé ńlá méjì tó fi ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀."