Àgọ́ Tí Wọ́n Fi Orógùn Kàn

Ìṣó ló kó wọn sí wàhálà láàárọ̀ Sátidé yẹn.

Bísọ́lá ti rán àgọ́ náà tán. Kánfáàsì funfun ni, ó le bí awọ, ó sì ti fi ìda pa gbogbo ojú rírán rẹ̀ kí òjò má baà rí ọ̀nà gbà. Alàgbà Cornelius, tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, ló la àwọn pákó tó máa gbé e ró: méjì tó kọjá lára wọn níwájú, méjì lẹ́yìn, àti igi gígùn kan tó dábùú òkè. Ó gbẹ́ orí ẹranko sí ṣóńṣó pákó kọ̀ọ̀kan, torí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwòrán tí Evelyn mú wá.

Evelyn ni òyìnbó tó gbéṣẹ́ fún wọn. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé ní pápá kan ní Cypress, ní ìpínlẹ̀ Texas. Wọ́n á wọ aṣọ onírun, wọ́n á gbé idà onígi, wọ́n á sì máa ṣe bí àwọn Viking, àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jagun. Tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ ní báńkì.

Láàárọ̀ yẹn, Evelyn dé sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Alief, ó fọwọ́ kan ìdí pákó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìṣó irin ìgbàlódé nìyí," ó ní. "Igi ni wọ́n fi ń há igi nígbà yẹn. Adájọ́ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Tó bá rí ohun tí kò sí láyé àwọn baba ńlá wa, a ti jáde nínú ìdíje àgọ́ nìyẹn."

Alàgbà Cornelius kọjú sí Bísọ́lá. "Bá mi bi í, àwọn baba ńlá ẹ̀ yìí, ṣé Toyota ni wọ́n wà dé Cypress?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń wò yín lẹ́nu."

"Kó máa wò ó. Yorùbá ni mo ń sọ."

Ọ̀gá Mákánjúọlá tó ni ṣọ́ọ̀bù kò rẹ́rìn-ín. Ìjókòó mọ́tò ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní La Porte, kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ ìjókòó mọ́. Ó ti sọ ọ́ fún Bísọ́lá: tí àgọ́ yìí bá borí, tí ẹgbẹ́ Evelyn sì gbé ìyókù iṣẹ́ àgọ́ wọn wá, máṣíìnì ìránṣọ Bísọ́lá á dúró sí kọ̀rọ̀ tó wà. Tí kò bá borí, ọkùnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín ti ń bẹ̀bẹ̀ fún kọ̀rọ̀ náà. Bísọ́lá á sì padà síbi tó ti ń wẹ àwọn arúgbó.

"Fírísà máa wọlé ní Mọ́ńdè," Ọ̀gá Mákánjúọlá ní. "Ẹja ò mọ̀ pé ìlú le."

Wọ́n fa gbogbo ìṣó náà yọ. Wọ́n gbẹ́ ìṣó onígi láti ara àjẹkù pákó, àmọ́ bí òòlù ṣe bà á ló là sí méjì. Bísọ́lá ronú díẹ̀.

"Bàbá, orógùn Màmá yín ńkọ́? Èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé?"

"Orógùn ìyàwó mi? Ṣé o fẹ́ kí n máa gbé inú àgọ́ ni?"

Ó lọ gbé e wá. Igi náà ti gbẹ, ó ti dán, ẹ̀bà àná ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó fi ayùn gé e, Bísọ́lá sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó là.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Cypress. Òjò ti rọ̀ níbẹ̀ mọ́jú. Ẹrẹ̀ dúdú ló kún pápá náà. Wọ́n tẹ́ kánfáàsì ìsàlẹ̀, wọ́n gbé pákó dúró. Alàgbà Cornelius kì í kan nǹkan láìgbàdúrà sí i. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọlé, ó gbàdúrà ráńpẹ́. Bísọ́lá bọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá, ó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Evelyn dé, ìṣó onígi mẹ́ta wà láàárín eyín Bísọ́lá, kò lè sọ̀rọ̀. Evelyn wo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé.

Adájọ́ dé. Ọkùnrin gíga ni, ó ń kọ́ni ní ìtàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó wá tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ ti igi òkè wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ìṣó kan.

"Igi wo nìyí?"

"Igi ilé wa ni," Bísọ́lá ní. "Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

Adájọ́ mi orí. Ó yí àwọn àgọ́ yòókù ká, ó padà wá, ó sì nàka sí tiwọn.

Fírísà kò wọlé ní Mọ́ńdè. Ẹgbẹ́ náà gbé iṣẹ́ àgọ́ mìíràn wá, àwọn ẹgbẹ́ láti Dallas náà sì wá. Alàgbà Cornelius jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa ìṣó tí Ọlọ́run fi hàn án. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe àmín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, etí àgọ́ náà ya, Bísọ́lá sì gbé abẹ́rẹ́ lọ sí Cypress. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dábùú idà onígi mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wo bàtà iṣẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"A kì í wọ bàtà wọbí," ó ní. "Mi ò bá ọ wí. Kì í ṣe àṣà tiyín."

Bísọ́lá bọ́ bàtà.

Bó ṣe wà báyìí nìyí: kò sí Viking kan ní Texas tó ń wọ bàtà wọ àgọ́ mọ́, nítorí adájọ́ ti ṣàlàyé fún wọn pé kí òun tó dé ìdí ìṣó kankan lọ́jọ́ yẹn ni òun ti mọ ẹni tó borí, pé bàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà ló fi àgọ́ kan ṣoṣo tó mọ àṣà àwọn baba ńlá wọn han òun.