Kọ́nà Àkọ́kọ́

"Gbà, Ermanno, mo ti tún gbogbo kọ́nà kọ sínú ìwé yìí bí o ṣe ní."

Atọ́nà tó ń ka kọ́nà ojú ọ̀nà fún Ermanno ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Fulvia pupa tí àwọn méjèèjì ò tíì fi gba ife rí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí eré ìje ọkọ̀ Sanremo gbéra.

"O ṣeun," ni awakọ̀ rẹ̀ wí. "Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, bí ẹsẹ̀ adìyẹ ni."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ọdún méjì rèé tí mo ti ń kà á sí ọ létí, o ò wò ó rí."

Ermanno gba ìwé náà, ó wọlé sídìí ọkọ̀. Atọ́nà náà de akoto rẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin mìíràn ti jókòó sí àyè rẹ̀, ìwé náà sì wà lórí itan onítọ̀hún.

"Kọ́nà àkọ́kọ́ ńkọ́?" ni Ermanno bi ọkùnrin náà.

"Òsì, rọra, òkúta wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kò ṣì í kà rárá.