Àga Bàámi

Ọdún mẹ́jọ ni Màámi ti ń jókòó sórí ẹní nítorí ìjà èmi àti Ládiípọ̀, àbúrò mi. Nígbà tí Bàámi kú, a yọ́ àga rẹ̀ di hóró wẹ́wẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń yọ́ àga, a sì pín in: èmi kó àwọn hóró oníhò, òun kó àwọn roboto. Ọ̀kan kò lè dá di àga.

Láàárọ̀ yìí, Màámi gbé ọpọ́n omi kalẹ̀. "Orúnkún ń ro mí. Ẹ da hóró yín sómi, kí ó tún di àga."

A dà á. Roboto kọ̀ọ̀kan rọra wá ihò tó gbà á, bí ẹyẹ tó ń padà sí ìtẹ́, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Àga dìde.

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ kan kúrú," ni Ládiípọ̀ wí. "Ìbínú yín nìkan ló gùn."

Mo da ẹ̀kúnwọ́ hóró tí mo fi pamọ́ sápò sómi.

"Nítorí Màámi ni," ni mo wí.