Àpò Ìwé Tí Wọn Yóò Ṣí ní Ọjọ́bọ̀

Ìwé ìròyìn oṣù náà jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe lóṣooṣù. Ìròyìn wà lápá òsì: fíríìjì tuntun ti dé sí yàrá ẹ̀jẹ̀, dókítà ti ti ìpàdé òkèèrè dé. Ohun tí ń bọ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Àwọn alábòójútó ti ní kí ìwádìí abẹ́rẹ́ dúró ní oṣù mẹ́fà ṣáájú àkókò rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n rí. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, wọn yóò ṣí àpò ìwé náà lójú gbogbo ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọgọ́ta ènìyàn ló wà nínú ìwádìí náà. Kòkòrò HIV kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ó wà lára ọkọ tàbí aya wọn. Oṣù méjì-méjì ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, kí a lè mọ̀ bóyá oògùn tuntun náà yóò dáàbò bò wọ́n. Ìdajì ń gba oògùn, ìdajì ń gba omi lásán. Bébà dúdú ni wọ́n fi wé gbogbo ìgò, nọ́ńbà nìkan ló sì wà lára wọn. Dókítà pàápàá kò mọ èwo ni èwo. Inú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa nìkan ni ìyẹn wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá a kiri. Ó tún ní kí nọ́ọ̀sì tó bá rí ẹbí rẹ̀ nínú ọgọ́ta náà wá sọ fún òun.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ kò sọ. Nọ́ńbà kejìdínlógún ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá kan ló bí wọn, bàbá wọn yàtọ̀, orúkọ wọn nínú ìwé sì yàtọ̀. Oògùn tí ìyàwó àbúrò yìí ń lò fún kòkòrò náà máa ń mú kí inú run ún. Yóò lò ó lónìí, yóò fi í sílẹ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ni tọkọtaya náà ń wá.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì ni nọ́ọ̀sì yìí ṣàkíyèsí pé apá àwọn kan ń wú, ti àwọn kan kì í wú. Ti àbúrò rẹ̀ kò wú rárá. Ti nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n, télọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wú débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè gé aṣọ.

“Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀,” ni télọ̀ wí, “ta ló yọ ẹ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín? Ìyàwó mi ní ṣé ìjà ni mo wá bá yín jà níbí.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ló ti ń gún abẹ́rẹ́, kò sì rí ibi tí omi lásán ti ń mú apá ènìyàn wú rí. Kí ó tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣí fíríìjì, ó bó nọ́ńbà kejìdínlógún àti nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n kúrò lára gbogbo ìgò àwọn méjèèjì tó kù, ó sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Nọ́ọ̀sì kejì, tó yẹ kó yẹ ìgò wò kó tó fọwọ́ síwèé, fọwọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ wà lára fóònù.

Láti ọjọ́ náà ni apá àbúrò rẹ̀ ti ń wú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn án wò, ó le bí òkúta. Ṣé kò léwu?”

“Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ wá ọmọ yín.”

Wọ́n fọkàn balẹ̀. Wọ́n da rọ́bà ìdáàbòbò tí ilé ìwádìí ń fún wọn sínú garawa ìdọ̀tí. Kò pẹ́ tí ìyàwó fi lóyún.

Apá télọ̀ kò wú mọ́. Ó ní ẹ̀rọ̀ ti padà sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì rán aṣọ iṣẹ́ funfun kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà fi aṣọ náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò wọ̀ ọ́ rí. Bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ télọ̀, ara nọ́ọ̀sì náà kì í balẹ̀ títí èsì yóò fi jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ní aago méje. Dókítà ń pè wọ́n wọ yàrá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba èsì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́wàá lù, àga télọ̀ ṣì ṣófo. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ dúró ti ògiri, ó ń wo àga náà. Ó ti mọ ohun tí òun yóò sọ bí wọ́n bá bi òun léèrè, kò sì dá a lójú pé ẹnu òun yóò lè sọ ọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, télọ̀ jáde, ó ń fi ìwé èsì fẹ́ ara rẹ̀.

“Ó mọ́ tónítóní,” ni ó wí, “bí aṣọ mi tí ẹ kọ̀ tí ẹ ò wọ̀.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́jọ, ó ní òun yóò wọ̀ ọ́ lọ́la.

Àbúrò rẹ̀ àti ìyàwó wọlé lẹ́yìn náà, oyún ti ń hàn. Ibà tó ṣe ọkùnrin náà lóṣù tó kọjá ti mú un rù díẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fọwọ́ ra apá rẹ̀ tó wú. Dókítà kò tíì fún un ní ìwé èsì, ó ní kí ó dúró de òun lẹ́yìn ìpàdé, pé àwọn fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

“Fíríìjì tuntun yẹn ló ń dà wọ́n láàmú,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì jókòó tì í.

Obìnrin àgbàlagbà tó ti ọ́fíìsì àwọn alábòójútó wá fi àlùmọ́gàjí gé etí àpò ìwé náà, ó kà á síta pé oògùn náà ṣiṣẹ́, pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yẹ kó gbà á tó kó kòkòrò àyàfi ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì rú àwọn lójú, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń gba omi, nítorí pé ṣe ni wọ́n dìídì fi iyọ̀ líle sínú omi náà kí apá wọn lè máa wú, kí nọ́ọ̀sì tó bá ń fi apá wíwú wá èwo ni èwo lè ṣìnà.